Ayùn aṣeéká

Ayùn aṣeéká jẹ́ ayùn àfọwọ́lò kékeré tí a lè ká ojú rẹ̀ wọ inú èkù, tàbí tí a lè tú, kí ó lè wọ inú àpò ìrìn-àjò. Àwọn tí ń pàgọ́ sínú igbó ni wọ́n sábà máa ń lò ó láti gé igi ìdáná.

Ìwúlò

Ní Boundary Waters Canoe Area Wilderness, tí ó wà ní àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àlejò a máa fi ọkọ̀ àjẹ̀ rìn láti adágún kan sí òmíràn. Níbi tí omi bá ti tán, wọn a ru ọkọ̀ àti ẹrù kọjá lórí ilẹ̀. Èjìká ni yóò mọ ohun tí ó wúwo. Òfin Wilderness Act ti ọdún 1964 kò gba ayùn ẹlẹ́ńjìnnì láàyè níbẹ̀, igi tí ó ti kú tí ó sì ti wó lulẹ̀ nìkan ni a sì lè ṣà. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ a rin gbingbin, ṣùgbọ́n inú igi tí ó nípọn lè gbẹ síbẹ̀. Ayùn ni a fi ń gé e kúkúrú kí a tó là á.

Irúfẹ́

Oríṣi kìíní ń ká bí ọ̀bẹ. Ojú Bahco Laplander gùn tó sẹ̀ǹtímítà 19, ó sì ń gé igi bí a bá fà á àti bí a bá tì í. Silky Gomboy ti Jàpáànù ń gé nígbà tí a bá fà á nìkan. Bí a bá fi agbára tì í, ojú rẹ̀ lè tẹ̀ tàbí kí ó ṣẹ́.

Oríṣi kejì ní férémù tí ó mú ojú ayùn le dáadáa. Sven-Saw, tí ó ti ìlú Duluth ní Minnesota wá, máa ń ní igun mẹ́ta bí a bá tò ó tán.

Yíyàn

Ìnípọn igi ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ìwúwo ayùn. Ó dára kí ojú ayùn gùn tó ìlọ́po méjì ìnípọn igi, kí eyín rẹ̀ lè máa gbá lẹ́búlẹ́bú igi jáde. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò há. Nítorí náà, ayùn sẹ̀ǹtímítà 19 tó fún igi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ, èyí tí ó tó fún oúnjẹ ẹnì kan. Ayùn oníférémù yẹ ẹgbẹ́ tí yóò yáná lóru, ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan bá sọnù, kò wúlò mọ́. Ayùn tí ń ká gbọ́dọ̀ ní ìdè tí kò ní jẹ́ kí ó pa dé mọ́ ìka.

Ìtọ́jú

Lẹ́yìn lílò, a máa ń nu oje igi kúrò lójú ayùn, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, a ó sì fi òróró díẹ̀ pa á kí ó má baà dógùn-ún.