Àlejò Lójú, Ṣùgbọ́n Kò Fi Ríran: Bí Òyìnbó Àtijọ́ Ṣe Wo Ẹbọ

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí àgbà bá pa òwe yìí, kì í ṣe pé ó ń bú àlejò. Ojú àlejò mọ́lẹ̀. Òun gan-an ló máa ń tètè rí ohun tí onílé kò kà sí mọ́. Àmọ́ kò mọ orúkọ ohun tó rí, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó bi.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àlejò kan wọ Akaka Rẹ́mọ láàárọ̀, ó bá àwo ẹbọ ní oríta: èkuru, epo pupa, obì. Oúnjẹ tó ń ṣòfò ni yóò rí. Ọmọ ilé tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ló lọ dá Ifá, Ifá fọhùn, ó yan ẹbọ, ẹni náà sì rú u. Àwo tó wà nílẹ̀ yẹn ni ìparí ọ̀rọ̀. Ìdí ọpọ́n lọ́dọ̀ babaláwo ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ti ń wo ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ará Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ìwé nípa etí òkun Áfíríkà. Ó dárúkọ ìlú ńlá kan, Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká, tí wọ́n ti ń ta ẹrú àti eyín erin. Ìjẹ̀bú ló ń wí. Ó ní Agusale ni orúkọ olórí ìlú náà. Àwọn òpìtàn gbà pé Awùjalẹ̀ ló gbọ́: oyè ni, òun kọ ọ́ sílẹ̀ bí orúkọ àbísọ. Àṣìṣe kékeré nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dórí ẹbọ, àṣìṣe wọn kò kéré mọ́.

Ọpọ́n Ifá tó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí a mọ̀ wà ní ìlú Ulm, ní ilẹ̀ Jámánì. Oníṣòwò kan níbẹ̀, Christoph Weickmann, fẹ́ràn kíkó ohun àjèjì jọ, ìwé tó ka àwọn ohun náà lẹ́sẹẹsẹ sì jáde ní 1659. Ọpọ́n yìí wá láti Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ibi tí àwọn Òyìnbó ìgbà náà ń pè ní Ardra. Igi ni, wọ́n fín àwòrán yí etí rẹ̀ ká. Kí ni ìwé náà pè é? Pákó ìrúbọ. Ó ní àwòrán ẹ̀mí òkùnkùn tó ń kóni nírìíra ló wà lára rẹ̀, pé òun ni ọba Ardra àti àwọn ìjòyè rẹ̀ fi ń bọ òrìṣà wọn. Àwa mọ̀ pé ìyẹ̀rosùn ni à ń dà sójú ọpọ́n, odù ni à ń tẹ̀ sí i. Pákó tí a fi ń béèrè ohun tí a ó rú ni ìwé yẹn pè ní pákó tí a ń rúbọ lé.

Kí ló fà á? Ìjà ilé ni wọ́n gbé dé oko. Láti 1520 ni Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bá Póòpù jà, ti kọ̀wé pé Máàsì kì í ṣe ẹbọ. Ní 1562, ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì tó jókòó ní Trent fèsì pé ẹbọ tòótọ́ ni. Ulm ti kúrò lẹ́yìn Póòpù láti 1530. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹbọ ti dájà sílẹ̀ nílé rẹ̀, ojú ìjà náà ni yóò fi wo ti ẹlòmíràn. Willem Bosman, oníṣòwò ará Hóláǹdì tó gbé etí òkun Guinea, tí òun náà kò sí lẹ́yìn Póòpù, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1704. Ó ní bí àwọn aláwọ̀ dúdú yóò bá di Kristẹni, àwọn Kátólíìkì ni yóò rọrùn fún jù láti yí wọn lọ́kàn padà, nítorí pé ààtò ẹ̀sìn àwọn méjèèjì jọra. Róòmù ló ń bú; àwa ló fi ṣe àpèjúwe.

Kì í ṣe gbogbo àlejò ni kò ríran. Ní Valladolid, ní ilẹ̀ Sípéènì, láàárín 1550 àti 1551, àlùfáà Bartolomé de las Casas bá Juan Ginés de Sepúlveda jiyàn nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń fi ènìyàn rúbọ. Sepúlveda ní ìyẹn tó ìdí láti gbógun tì wọ́n. Las Casas kò yin ohun tí wọ́n ṣe. Ó ní ẹ̀dá ló ń kọ́ ènìyàn láti fi ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ fún ẹni tó kà sí Ọlọ́run, kò sì sí ohun tó ṣọ̀wọ́n tó ẹ̀mí. Òun ti bá àwọn ènìyàn náà gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, òun kan náà ló ti gbani nímọ̀ràn nígbà kan pé kí wọ́n kó ẹrú dúdú lọ sí Amẹ́ríkà, kó tó wá kábàámọ̀.

Àwọn mìíràn rí, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí gbèjà òwò wọn. Robert Norris tó kọ̀wé ní 1789 àti Archibald Dalzel tó kọ tirẹ̀ ní 1793, oníṣòwò ẹrú ni wọ́n. Wọ́n ròyìn bí ọba Dàhòmì ṣe ń pa ènìyàn níbi ọdún àwọn baba ńlá rẹ̀, wọ́n ní òwò ẹrú ló ń gba irú àwọn tí ọba ń pa lọ́wọ́ ikú. Ọba Dàhòmì pa ènìyàn lóòótọ́. Wọ́n fi ènìyàn rúbọ nílẹ̀ Yorùbá náà láyé àtijọ́, kò sì yẹ ká fi ewé bò ó. Àmọ́ ẹni tó ń ra ènìyàn ránṣẹ́ sí oko ìrèké láti lọ ṣiṣẹ́ kú, ẹnu wo ló fi ń dárò ẹni tí ọba pa?

Kí wá ni ẹbọ lójú onílé? Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Ọmọ́ṣadé Awólàlú to oríṣi rẹ̀ sínú ìwé kan ní 1979: ti ọpẹ́ wà, ti ẹ̀jẹ́ wà, ètùtù wà, ojúkòríbi wà, ìpìlẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan kò lè kó gbogbo wọn pọ̀ bí kò ṣe ìbáṣepọ̀: ẹni tó gbà ń dúpẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ ń tuni lójú, ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń wá ààbò. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, ẹbọ yìí náà ni wọ́n fi pe ti Ábúráhámù, òun náà ni wọ́n fi pe ti Jésù.

Lónìí, òwe yẹn ti yíjú sí wa. Ẹni tó ń kọjá ní oríta kì í ṣe ará Potogí mọ́, ọmọ wa ni. Ó rí àwo èkuru, ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò, ó sì pe ẹni tó gbé e síbẹ̀ ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí owó. Apànìyàn ni àwọn yẹn, ilé ẹjọ́ ni ibùdó wọn. Ìyàtọ̀ wà láàárín wọn àti ẹni tó ń fi obì bẹ orí rẹ̀, bí a bá lè béèrè.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni pákó ìrúbọ Ulm lò kí wọ́n tó pè é ní ọpọ́n Ifá. Ìwọ tí o gbọ́ Yorùbá, tí àgbà ṣì wà ládùúgbò rẹ, má jẹ́ kí tìrẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.