Àwàdà Tó Bí Flask

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2010, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó máa ń purọ́ ṣeré, Armin Ronacher, ọmọ ilẹ̀ Austria, fi àwọn tó ń kọ Python ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé framework kan jáde tó pè ní Denied. Fáìlì ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó ní kò nílò ohunkóhun mìíràn. Irọ́ ni o! Werkzeug àti Jinja2, tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló dì pa mọ́ sínú fáìlì náà. Àmọ́ àwọn èèyàn gbà á gbọ́, inú wọn sì dùn sí i. Kí oṣù yẹn tó parí, Flask ti dé, ojúlówó lọ́tẹ̀ yìí.

Kí ló dé tí wọ́n fi tètè gbà á? Nígbà náà, ojoojúmọ́ ni framework tuntun ń yọjú. WSGI ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ìlànà tí Phillip Eby kọ ní 2003. Ṣáájú rẹ̀, framework tí o bá mú ló sábà máa ń pinnu server tí wàá lò. WSGI wá láti tú okùn yẹn, ó sì sọ kíkọ́ framework di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́: kọ function kan tó gba ìbéèrè, tó dá èsì padà, o ti ní tìẹ nìyẹn.

Ní ìparí 2005, wọ́n fi Python tún Reddit kọ, torí Lisp ni wọ́n fi kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Aaron Swartz, ọmọ ọdún 19, gbé Django yẹ̀ wò, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá kọ web.py tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2008, Pylons ni Reddit ń lò.

Àwa tá a máa ń sọ pé "Flask kéré, èmi náà á kọ tèmi," ojú ilé nìkan la ń wò. Werkzeug ló ń tú cookie àti header. Jinja ló ń bá wa dènà ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ lásán ti script burúkú sójú ìwé wa. Bí o bá kọ tìẹ, ìwọ lo máa ṣe gbogbo ìyẹn. Tó o bá wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò tún un ṣe?

Ronacher pàápàá ò dá ẹrù náà gbé títí. Láti 2016, abẹ́ ẹgbẹ́ Pallets ni Flask, Werkzeug àti Jinja wà.