Ilé Èrò George ní Southwark
Ilé ọtí George ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ó yẹ̀ wò. Iná jó o ní 1676. Wọ́n tún un kọ́ ní 1677. Àgbàlá ni ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ń wọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi tí ó kọjú sí àgbàlá ni èrò ń gbà dé yàrá lókè. Nígbà tí rélùwéè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin, ilé-iṣẹ́ rélùwéè tí ó ni ilé náà wó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 1889. Apá gúúsù nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ó di ti National Trust ní 1937. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ká ní wọ́n wó o tán ni, ẹnu lásán ni à bá máa fi ròyìn rẹ̀.