Ìka Wo Ló Ń Ṣe Iṣẹ́? Ìfà Oníṣẹ́-kan àti Ìfà Oníṣẹ́-méjì Lára Ìbọn Ìléwọ́

Àwọn tó ń kọ ìtàn ìbọn ìléwọ́ sábà máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìfà oníṣẹ́-méjì ni ọ̀làjú, pé ó dé, ó sì lé oníṣẹ́-kan wọgbó. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ìka tó ń bá sípírìǹgì jà. Nínú oníṣẹ́-kan, àtàǹpàkò ló ń fa òòlù sẹ́yìn títí tí eyín irin kékeré kan yóò fi gbá a mú. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún ìka ìfàbọn ni kó yọ eyín náà, kí òòlù sì já lu ìdí ọta. Bí ọdẹ ṣe ń yin ṣakabùlà náà nìyẹn. Nínú oníṣẹ́-méjì, ìka ìfàbọn nìkan ló ń ti òòlù sẹ́yìn, òun ló ń yí àgbá ọta, òun náà ló sì ń tú òòlù sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ìfà kan.

Samuel Colt, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún oníṣẹ́-kan tirẹ̀ ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́dún 1836. Robert Adams gba tirẹ̀ ní London ní 1851, òòlù tirẹ̀ kò sì ní ibi tí àtàǹpàkò lè dì mú rárá. Ìbọn Adams yá ju ti Colt lọ bí ọ̀tá bá ti dé tòsí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ ni yíyá náà. Ìfà oníṣẹ́-méjì lè wúwo tó kìlógíráàmù 5, nígbà tí oníṣẹ́-kan kì í sábà ju 2 lọ. Ìka tún ní láti rìn jìnnà kí òòlù tó já, ojú ìbọn a sì ti yẹ̀ kúrò lórí ohun tí a fi í sùn. Ìdí nìyí tí ohun tí Frederick Beaumont, ọ̀gá kan láàrin àwọn ẹnjinníà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1856 fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ó dá ibi ìdìmú padà sórí òòlù Adams, ó sì tún irin inú rẹ̀ tò kí ẹni tó mú un lọ́wọ́ lè yan ọ̀nà tó bá wù ú. Ká ní oníṣẹ́-méjì ti borí ni, ta ni ì bá tún wá àtàǹpàkò lọ?

Ẹnìkan lè ní àìmọ̀ ló mú kí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣì gba Colt oníṣẹ́-kan ní 1873. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Irin inú oníṣẹ́-kan kò pọ̀, kò sì tètè bàjẹ́. Oníṣẹ́-méjì tí ilé-iṣẹ́ Colt fúnra rẹ̀ ṣe ní 1877 gba orúkọ burúkú nítorí pé irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń kán.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ìbọn tó ń ki ọta fúnra rẹ̀, nítorí pé bí ọta bá ti jáde, irin òkè ìbọn a sún sẹ́yìn, a sì fa òòlù láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Walther PP tó jáde ní Jámánì ní 1929 mú méjèèjì wọ inú ìbọn kan: ìfà àkọ́kọ́ wúwo, àwọn tó tẹ̀lé e fúyẹ́, ọwọ́ kan náà sì gbọ́dọ̀ kọ́ ìwúwo méjì. Beretta M9 tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà ní 1985 ní irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń sọ òòlù kalẹ̀ láìyìnbọn, kí ìfà tó kàn lè padà di èyí tó wúwo. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ìwúwo náà, nítorí pé ìka tó ṣèèṣì kan irin kò lè tètè yìnbọn.