Orin Ló Ṣáájú Ẹsẹ̀

Ní Rọ́ṣíà ní nǹkan bí 1890, Petipa tó ń to ijó báléètì ló ń pàṣẹ fún Tchaikovsky tó ń kọ orin: ó sọ bí orin kọ̀ọ̀kan yóò ṣe gùn tó àti bí yóò ṣe yá tó. George Balanchine, tóun náà ń to ijó, yí ètò yìí padà ní Paris ní 1928, nígbà tó to ijó Apollo sórí orin tí Stravinsky ti kọ parí, ohun èlò olókùn nìkan, láìsí ìlù, láìsí fèrè. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì orin náà ló kọ́ ọ láti gé àṣejù kúrò nínú ijó.

Ẹnìkan lè ní Balanchine àti Stravinsky jọ gbèrò ijó Agon ti 1957, wọ́n sì ti ka ìṣẹ́jú rẹ̀ kí orin tó parí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ètò àti gígùn ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Stravinsky ló mọ ibi tí orin yóò ti ṣẹ́rí, àwọn oníjó méjìlá sì gbọ́dọ̀ máa kà á sínú kí ẹsẹ̀ wọn má bàa ṣìnà.