Ẹ̀yà Níúrọ́ọ̀nù àti Ìsopọ̀ Wọn nínú Ọpọlọ Eṣinṣin Èso: Àgbéyẹ̀wò

Ìfáárà
Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọpọlọ eṣinṣin èso, Drosophila melanogaster, kò fẹ̀ tó mìlímítà 1, síbẹ̀ òun ló ń darí ìfò, oúnjẹ wíwá àti ìrántí. Níúrọ́ọ̀nù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìròyìn tó sì ń fi í ránṣẹ́ níbẹ̀. Èrò wa ni pé kíka iye wọn kò tó: àfi tí a bá tò wọ́n sí ẹ̀yà-ẹ̀yà ni àwòrán ìsopọ̀ wọn tó lè yé wa.

Iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀
Ní 1986, John White, Sydney Brenner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àwòrán ìsopọ̀ níúrọ́ọ̀nù 302 inú aràn C. elegans jáde. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Janelia ní Amẹ́ríkà gbé hemibrain jáde, ìyẹn àwòrán ìsopọ̀ nǹkan bí níúrọ́ọ̀nù 25,000 láti apá kan ọpọlọ eṣinṣin. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2024, ẹgbẹ́ FlyWire, tí Mala Murthy àti Sebastian Seung ní Yunifásítì Princeton ṣíwájú rẹ̀, gbé ti odindi ọpọlọ abo eṣinṣin kan jáde: níúrọ́ọ̀nù 139,255, ojú ìsopọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 50. Abala tín-ín-rín tó lé ní 7,000 ni wọ́n rẹ́ ọpọlọ náà sí kí wọ́n tó ya àwòrán wọn. Kọ̀ǹpútà tọ ipa níúrọ́ọ̀nù láti abala dé abala, àwọn ènìyàn sì ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe.

Kí ló ń jẹ́ ẹ̀yà?
Nínú iṣẹ́ FlyWire yìí, àwọn onímọ̀ Philipp Schlegel, Gregory Jefferis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn to àwọn níúrọ́ọ̀nù náà sí ẹ̀yà 8,453; 4,581 nínú rẹ̀ jẹ́ tuntun. Nígbà tí wọ́n fi wé hemibrain, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀yà tí a ti dárúkọ níbẹ̀ ni wọn kò rí dájú. Wọ́n wá fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀: ẹ̀yà kan ni àwọn níúrọ́ọ̀nù tó jọ àwọn kan nínú ọpọlọ mìíràn ju bí wọ́n ṣe jọ èyíkéyìí tó kù nínú ọpọlọ tiwọn lọ.

Àpẹẹrẹ méjì
Nínú ẹ̀ka ìríran, T4 ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn, T5 ń ṣọ́ òkùnkùn tó ń rìn. Ọ̀nà mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan pín sí, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ohun náà ń rìn lọ: òkè, ìsàlẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn.

Nínú ẹ̀ka tó rí bí olú, níbi tí eṣinṣin ti ń kọ́ òórùn, ẹ̀yà kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì Kenyon, ìyẹn àwọn níúrọ́ọ̀nù ẹ̀ka náà, pọ̀ nínú FlyWire fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti hemibrain. Síbẹ̀ ó jọ pé iṣẹ́ kò dàrú: ìròyìn tó ń ru wọ́n sókè yí padà láti bá iye náà mu, tí ìwọ̀n tó wà láàárín ìrusókè àti ìdádúró kò fi yẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Iye níúrọ́ọ̀nù nínú ẹ̀yà kan lè yàtọ̀ láti ọpọlọ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ tó lágbára láàárín ẹ̀yà kì í sábà yí padà. Àwòrán ìsopọ̀ FlyWire fi ọ̀nà tí ìròyìn lè gbà hàn, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tí ìròyìn ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì wa ṣí i, kí wọ́n sì lò ó.