Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìdí Ìpànìyàn Nípa Májèlé Múlẹ̀ ní Ilé Ẹjọ́

Bí ọkùnrin kan bá jẹ oúnjẹ alẹ́ tán ní Ẹdúnàbọ̀n, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tí ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé wọ́n ti fi nǹkan sí i lóúnjẹ. Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ sàréè tán, wọ́n á ti dárúkọ ẹni tí ó ṣe é: ìyàwó rẹ̀ ni, tàbí àbúrò tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ kòkó, tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ mu ẹmu lọ́jọ́ náà. Ní àdúgbò, wọ́n ti dá ẹjọ́ tán. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ilé ẹjọ́ gíga, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ikú ni ìjìyà ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìdí nìyí tí adájọ́ kò fi ń gba ìfura ní ẹ̀rí. Olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi ìdí ohun mẹ́ta múlẹ̀ láìsí iyèméjì tí ó mọ́gbọ́n dání. Èkíní, pé ẹnì kan kú. Èkejì, pé ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣe ni ó pa á. Ẹ̀kẹta, pé olùjẹ́jọ́ fẹ́ pa á, tàbí pé ó fẹ́ ṣe é léṣe gidigidi.

Nínú ẹjọ́ májèlé, èkejì ni ó máa ń le jù. Àdá a máa fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀, ìbọn a máa dún. Májèlé a máa fara jọ àìsàn. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti gìrì lè ti ọwọ́ oògùn eku wá, ó sì lè jẹ́ àrùn onígbáméjì tàbí àìsàn mìíràn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé adájọ́ lè dájọ́ láìsí ìwé dókítà bí ohun tí ó pa òkú bá hàn gbangba. Ṣùgbọ́n májèlé kì í sábà hàn gbangba, nítorí náà ọ̀dọ̀ dókítà ni ẹ̀rí ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Dókítà tí ó ń yẹ òkú wò yóò mú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ohun tí ó wà nínú ikùn àti díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ òkú, yóò sì fi wọ́n ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Bí oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tàbí èébì bá wà, wọ́n á fi kún un. Ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì, kí ó sì hàn ẹni tí ó mú un, ẹni tí ó gbé e, àti ibi tí ó sùn. Bí ìgò kan bá sọnù lójú ọ̀nà fún ọjọ́ méjì, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò bèèrè ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gbà kí ìwé tí oníṣègùn tàbí onímọ̀ kẹ́míkà ìjọba bá fọwọ́ sí di ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ sì lè pe ẹni náà wá dáhùn ìbéèrè.

Ó ti pẹ́ tí ayé ti ń wá irú ẹ̀rí yìí. Ní ọdún 1836, James Marsh ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀nà kan jáde láti fi rí májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic nínú ara òkú. Ní ọdún 1840, nígbà ẹjọ́ Marie Lafarge ní ilẹ̀ Faransé, àwọn onímọ̀ kan kò rí májèlé nínú ara ọkọ rẹ̀. Mathieu Orfila wá láti Paris, ó tún un yẹ̀ wò, ó sì rí i. Wọ́n dá obìnrin náà lẹ́bi. Arsenic a máa pẹ́ nínú òkú. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò ayé òde òní kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kí ó má bàa jẹrà sì lè ba ẹ̀rí jẹ́.

Àwọn ikú ńlá ti kọ́ Nàìjíríà lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ọ̀gágun Sani Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1998, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà láìyẹ òkú rẹ̀ wò. Àhesọ nípa ohun tí ó jẹ kò tán nílẹ̀ mọ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 7, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ṣubú lulẹ̀ níbi tí àwọn aṣojú Amẹ́ríkà ti ń bá a sọ̀rọ̀, gbogbo ìlú sì ń pariwo tíì tí ó mu. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní àìsàn ọkàn ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́, síbẹ̀ ìwádìí wà tí ènìyàn lè fi jiyàn. Nígbà tí olórin MohBad kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín. Ọjọ́ 21 ni wọ́n hú u, dókítà sì sọ lẹ́yìn náà pé jíjẹrà òkú kò jẹ́ kí òun lè fi ìdí ohun tí ó pa á múlẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá tilẹ̀ rí májèlé, ó kù kí wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ ẹnì kan. Oògùn eku wà nílé gbogbo, àgbẹ̀ kòkó wo ni kò sì ní oògùn apakòkòrò lábà? Olùpẹ̀jọ́ yóò fi hàn pé olùjẹ́jọ́ ní májèlé náà, pé ó ní àyè láti fi í sí oúnjẹ, àti pé ó mọ ohun tí ó ń fi síbẹ̀. Ẹni tí ó gbé ọbẹ̀ wá lè má mọ ohun tí ẹlòmíràn ti dà sínú ìkòkò.

Nígbà tí kò bá sí ẹni tí ó fojú rí i, ẹ̀rí àyíká ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó kù. Ní ọdún 1952, nínú ẹjọ́ Teper tí àwọn adájọ́ Nàìjíríà máa ń tọ́ka sí, wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ máa yẹ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n sì rán ènìyàn létí ife Jósẹ́fù tí wọ́n bá nínú àpò Bẹ́ńjámínì. Inú àpò rẹ̀ ni wọ́n ti rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó fi í síbẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rí, bí kò bá jẹ́ pé lílù tàbí ìhalẹ̀ ni ó mú un wá. Adájọ́ a tún máa wá ohun mìíràn tí ó gbè é lẹ́sẹ̀. Ní Kánò, Abdulmalik Tanko, olówó ilé-ẹ̀kọ́ kan, jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá pé oògùn eku ni òun fi pa ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n jí gbé ní oṣù kejìlá ọdún 2021. Wọ́n hú òkú ọmọ náà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ikú fún un. Irú ìjẹ́wọ́ yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti ìyá arúgbó tí wọ́n lù títí tí ó fi ní òun ni àjẹ́ tí ó pa ẹnì kan.

Láyé àtijọ́, èpo igi ọbọ̀ ni wọ́n máa ń fún afurasí mu ní ibìkan, ẹ̀wà esere ni wọ́n ń fún un jẹ ní agbègbè Kàlàbá. Ẹni tí ó bì í kò jẹ̀bi, ẹni tí ó kú ti jẹ̀bi. Òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà fòfin de irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ó sì fi ikú ṣe ìjìyà ẹni tí ó bá darí rẹ̀ bí ènìyàn bá kú níbẹ̀. Àwọn tí ń wá apani nípa májèlé ti fi májèlé pànìyàn.

Àwọn baba ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdílé tí ó bá ń fura, yálà ní Ẹdúnàbọ̀n tàbí ní ìlú mìíràn nínú Orígbó, kò gbọdọ̀ tètè fọ abọ́ àti ìkòkò. Kí wọ́n má da èébì nù, kí wọ́n má sì sin òkú kí wọ́n tó fi tó ọlọ́pàá létí. Kí wọ́n bèèrè pé kí dókítà yẹ òkú wò. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà. Bí ènìyàn bá jẹ̀bi, ọ̀nà tí ọwọ́ òfin yóò fi tó o nìyẹn. Bí opó tí wọ́n ń nàka sí kò bá mọwọ́ mẹsẹ̀, ìwé dókítà náà ni yóò gbà á lọ́wọ́ ìlú.